Ọwọ́ Ló Ń Béèrè, Etí Ló Ń Gba Èsì: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣe Géèmù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí àwọn géèmù tí ẹ ń ṣe sórí fóònù. Àwòrán yín dára ju ohunkóhun tí a rí nígbà tèmi lọ: àwọ̀ ń dán, ewé igi ń mì, òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú yín gbé tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, mo tẹ ojú fóònù náà, ohunkóhun kò dá mi lóhùn. Mo tún un tẹ̀. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ fò, àmọ́ ó fò bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Orin kan ń lọ lábẹ́lẹ̀. Orin náà dùn, kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo dá fóònù náà padà fún un, mo sì sọ fún un pé n óò kọ èrò mi sílẹ̀. Òun nìyí.

Ní 1981, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Chicago. Ìlú yẹn àti agbègbè rẹ̀ ni Williams, Stern, Bally Midway àti Gottlieb fìdí kalẹ̀ sí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù tí a ń fi owó ẹyọ gbá. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé kì í dé lásìkò, ni mo bá ń bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ lálaalẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ sí ilé ọtí, sí ibi tí wọ́n ti ń ta písà, sí ibi tí àwọn aráàlú ti ń fọ aṣọ. Èmi ni mo ń kó owó inú wọn, tí mo sì ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lẹ́yìn àwọn àpótí yẹn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí mo fi eyín dì mú. Ohun kan tí mo kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: bí àwòrán ẹ̀rọ bá ṣá, àwọn èèyàn á ṣì máa gbá a. Bí ọ̀pá ìdarí rẹ̀ bá ń há, tàbí tí ohùn rẹ̀ bá kú, wọ́n á kọjá lọ síbi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ojú tó kàwé tán.

Ní 1971, Nolan Bushnell àti Ted Dabney ṣe Computer Space, Nutting Associates sì gbé e jáde. Bọ́tìnì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan ń yí ọkọ̀ òfurufú sósì, ọ̀kan ń yí i sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń tì í síwájú, ọ̀kan ń yìnbọn. Ọkọ̀ náà kì í dúró nígbà tí o bá ṣíwọ́. Ó ń sún lọ bí ohun tó wà ní òfurufú ṣe ń sún. Ẹni tó mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ife ọtí wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ka ìlànà rẹ̀ dé àárín, ó sì pa á tì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ti dá Atari sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Allan Alcorn sì ṣe Pong fún wọn. Kókó kan péré ni ẹni kọ̀ọ̀kan ní láti yí kí pátákó rẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù padà. Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ sí ilé ọtí Andy Capp's ní Sunnyvale, ní California. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Alcorn pé ẹ̀rọ náà ti dẹ́kun iṣẹ́. Ó ṣí i, ó rí i pé owó ẹyọ ló kún inú rẹ̀ tí kò sí ibi tí òmíràn lè wọlé sí mọ́.

Ẹ gbé géèmù yín fún ìyá yín níbi ìsọ̀ wọn ní ọjà, kí ẹ má sì sọ ohunkóhun. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá bi yín pé, “Kí ni kí n ṣe sí i?”, ẹ lọ tún un ṣe.

2. Bí ọwọ́ bá kí, kí ìró jẹ́ ẹ.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, a mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka rí. Nígbà tó tẹ bọ́tìnì, ó ti kí ẹ̀rọ.

Bushnell fẹ́ kí èrò máa hó ìhó ayọ̀ nínú Pong nígbà tí ẹnì kan bá jẹ àmì. Dabney fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹni tó pàdánù ṣẹ̀sín. Alcorn kò ní ohun èlò tó lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó yẹ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà wò, ó wá ìró tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì so ó mọ́ sípíkà. Ìró mẹ́ta ló jáde: ọ̀kan fún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan pátákó, ọ̀kan fún ògiri, ọ̀kan fún àmì. Lójú tèmi, ìhó èrò ì bá ti sú àwọn èèyàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ìró kúkúrú yẹn kò sú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìdáhùn ni. Ẹni tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú rẹ̀ lè wà lára ẹni tí wọ́n jọ ń ta, síbẹ̀ etí rẹ̀ ń bá a ka ọmọ ayò bó ṣe ń bọ́ sínú ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Pac-Man mú ọgbọ́n yìí jìnnà. Toru Iwatani ló darí iṣẹ́ rẹ̀ ní Namco, ní Japan, ní 1980, Toshio Kai ló sì ṣe àwọn ìró rẹ̀. Hóró oúnjẹ kéékèèké 240 ló wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú 4 ńláńlá. Ìró méjì ló ń tẹ̀ lé ara wọn bí Pac-Man ṣe ń gbé wọn mì, ọ̀kan bí ẹni ń la ẹnu, ọ̀kan bí ẹni ń pa á dé. Nítorí náà, ẹni tó ń gbá a kò ní láti wo ẹnu Pac-Man rárá. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn iwin mẹ́rin tó ń lé e, etí rẹ̀ ló ń sọ fún un pé oúnjẹ ṣì ń wọlé. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Nígbàkigbà tó bá gbé hóró kan mì, Pac-Man á dúró fún ìwọ̀n àwòrán kan, ìyẹn ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń jẹun kò yá tó ẹni tó kàn ń sáré ní ọ̀nà òfìfo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ti mọ èyí látinú ìró: bí ìró jíjẹ bá ń lọ, wọ́n mọ̀ pé iwin ń sún mọ́ wọn.

3. Ẹ jẹ́ kí ìró sọ bí ewu ṣe jìnnà tó.

Lórí èyí ni n óò ti dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí òun ni mo rí i pé ẹ kò náání jù.

Tomohiro Nishikado ló ṣe Space Invaders fún Taito, ní 1978. Àjèjì 55 ló tò sókè, ìlà 5, mọ́kànlá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìró mẹ́rin ló ń bá ìrìn wọn lọ. Ìró ìsàlẹ̀ ni wọ́n, wọ́n wúwo, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún ń bẹ̀rẹ̀ láìsinmi. Bí àjèjì bá ṣe ń dín kù ni ìró náà ń yára. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, ìró yẹn ti dà bí àyà ẹni tó sá wọlé.

Ẹ gbọ́ bí ìyára àwọn àjèjì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ tí Nishikado lò, Intel 8080, kò lágbára tó láti ya gbogbo 55 wọn kíákíá. Bí wọ́n bá ṣe ń kú, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń fúyẹ́, àwọn tó kù sì ń yára rìn. Nishikado rí i, ó rí i pé ó ń mú eré náà le gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó le, ó sì fi í sílẹ̀. Ìró mẹ́rin náà wá ń yára pẹ̀lú rẹ̀, ni àìlera ẹ̀rọ bá di ohun tí gbogbo ayé ń fi ara gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jó síwájú onílù rí mọ bó ṣe ń rí. Ìyáàlù kì í kéde pé òun fẹ́ mú ìlù le. Ẹsẹ̀ rẹ á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí orí rẹ tó mọ̀. Lálẹ́ tí mo bá ń ka owó ẹyọ sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ Space Invaders, tí mo kẹ̀yìn sí ẹni tó ń gbá a, mo máa ń mọ ibi tó dé. Ìró mẹ́rin náà á máa yára sí i, ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnì ìbọn á máa bá a lọ. Ọta kan ṣoṣo ló lè wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí èyí tó yìn bá tàsé, yóò dúró dè é kó tó tún yìn. Mo máa ń gbọ́ ìdúró yẹn. Láàárín ìdúró yẹn, ìró mẹ́rin yẹn nìkan ló kù nínú ilé ọtí náà létí mi.

Asteroids, tí Lyle Rains àti Ed Logg ṣe ní Atari ní 1979, fi ìró méjì péré ṣe irú rẹ̀. Ó tún fi ohùn kún un fún ọkọ̀ ọ̀tá: èyí tó tóbi ń dún nísàlẹ̀, èyí tó kéré, tó sì mọ ìbọn yìn jù, ń dún lókè fíofío. Kí ojú tó rí i, etí ti sọ èyí tó ń bọ̀. Nínú Pac-Man, ìró kan wà tó ń lọ sókè sódò lábẹ́ gbogbo rẹ̀, bí hóró bá sì ṣe ń tán lójú ọ̀nà ló ń ga sí i.

Orin tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń yí po ní ìṣẹ́jú méjì méjì, kò lè ṣe èyí, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ fi ohun kan péré nínú géèmù yín so mọ́ orin náà. Iye ọ̀tá tó kù, àkókò tó kù, ẹ̀jẹ̀ tó kù, èyíkéyìí nínú wọn. Kí orin mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

4. Ẹ mọ igun tí ọwọ́ fẹ́ kọ sí.

Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọ̀pá ìdarí ẹ̀rọ Pac-Man kan ṣẹ́ níbi ìfọṣọ kan. Mo rí ọ̀pá mìíràn nínú àpótí wa, mo fi rọ́pò rẹ̀. Tuntun ni. Mo tì í sókè, sódò, sọ́tùn-ún, sósì, gbogbo rẹ̀ jẹ́, mo sì lọ sílé. Nígbà tí mo padà lọ́sẹ̀ kejì, owó inú ẹ̀rọ náà kò tó ìdajì èyí tó máa ń wà níbẹ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń gbá a nígbà tó bá ń dúró de aṣọ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Òun ni mo bi léèrè. Ó ní, “Kò gbọ́ tèmi mọ́.”

Ọ̀pá tí mo fi sí i, ọ̀nà mẹ́jọ ló ń lọ, torí ó ń gba ìdábùú. Pac-Man kò ní ìdábùú. Ọ̀nà mẹ́rin ni gbogbo ayé rẹ̀. Bí obìnrin yẹn bá ń lọ sọ́tùn-ún tó fẹ́ kọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ á kọjá ní ìdábùú, irin méjì á kan ara wọn pọ̀ nínú ọ̀pá náà, àṣẹ méjì á sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ti tó fún iwin láti mú un. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé mo gba ohun tó fi ń sá àsálà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Pac-Man, ẹni tó bá ti ti ọ̀pá sí ibi tó ń lọ kó tó dé igun, yóò gé igun náà, yóò sì jèrè ìṣísẹ̀ díẹ̀. Iwin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igun dé igun ni ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń fi wọ́n sílẹ̀. Mo wá àwo tó ń dí ìdábùú, mo dè é mọ́ ìdí ọ̀pá náà, àwọn èèyàn sì padà sídìí ẹ̀rọ náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti Q*bert, tí Gottlieb gbé jáde ní 1982. Orí òkè tí wọ́n fi òkúta onígun tò ló ń fò lé, ìdábùú nìkan ló sì ń fò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀pá ìdarí rẹ̀ ní ìdábùú kí ọwọ́ lè tọ ibi tí ojú ń rí. Ìdábùú tó ba Pac-Man jẹ́ ni ọwọ́ nílò níbí.

Lórí gíláàsì fóònù, àtàǹpàkò kò ní etí ohunkóhun tó lè fọwọ́ bà. Ó ń sún kúrò lójú bọ́tìnì láìmọ̀. Nítorí náà, ẹ fẹ agbègbè tí ẹ ó ti máa gba ìka ju àwòrán bọ́tìnì tí ẹ yà lọ. Kí ẹ sì gba àṣẹ ṣáájú àkókò: bí ọmọ bá tẹ “fò” kí ẹsẹ̀ ẹni inú géèmù tó kan ilẹ̀, ẹ tọ́jú àṣẹ náà fún un, kó fò ní gbàrà tó bá balẹ̀. Kò ní mọ̀ pé ẹ ràn án lọ́wọ́. Yóò rò pé ọwọ́ òun ti mọ́ ọn ni, òtítọ́ sì ni.

5. Ẹ má ka bọ́tìnì. Ẹ béèrè ìka tó ni ín.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà á sọ fún yín pé bọ́tìnì díẹ̀ ló dára. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Ọ̀pá kan ni Pac-Man ní láìsí bọ́tìnì kankan fún gbígbá a; Iwatani fẹ́ kí àwọn obìnrin àti tọkọtaya lè wọ ilé géèmù. Ọ̀pá kan àti bọ́tìnì kan ni Donkey Kong ti 1981.

Ṣùgbọ́n Defender wà. Eugene Jarvis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Williams, ní ìlú tí mo wà gan-an. Ọ̀pá kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, bọ́tìnì márùn-ún: ọ̀kan ń ti ọkọ̀ síwájú, ọ̀kan ń yí i padà, ọ̀kan ń yìnbọn, ọ̀kan ń ju bọ́ǹbù, ọ̀kan ń gbé e sọ nù sí ibòmíràn ní òfurufú. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n sọ 25 sẹ́ǹtì wọn sínú rẹ̀, tí wọ́n kú láàárín ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì tún sọ òmíràn. Wọ́n ń padà wá nítorí pé ìka kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan tí kò yí padà. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ronú fún ara rẹ̀, bí ọwọ́ onígángan ṣe ń mọ ìgbà tí yóò fún ọsán láìwo ọsán. Nígbà tí ọ̀tá bá gbé ènìyàn kan nílẹ̀, igbe rẹ̀ á dún. Ẹni tó ń gbá a á ti yí ọkọ̀ padà kó tó wo àwòrán kékeré òkè tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn.

Ní 1982 ni Jarvis àti Larry DeMar ṣe Robotron: 2084. Jarvis ti fara pa lọ́wọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, títẹ bọ́tìnì sì ń ni í lára. Ó fi ọ̀pá méjì sí i, ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún ìbọn, kò sí bọ́tìnì ìbọn kankan. Títí dòní, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ géèmù yín ń gbà láìmọ ẹni tó là á.

6. Ohun tí ọwọ́ ń dì mú ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Missile Command, tí Dave Theurer ṣe ní Atari ní 1980, ní bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n rì sínú pákó iwájú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń yí i. O lè jù ú kó máa yí lọ fúnra rẹ̀, o sì lè fọwọ́ dá a dúró. Ìlú mẹ́fà lò ń dáàbò bò, bọ́ǹbù ń rọ̀ láti òkè, apá rẹ gbogbo sì ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń yọ ìdọ̀tí tó ń dì mọ́ àwọn ọ̀pá kéékèèké tó gbé bọ́ọ̀lù yẹn dúró. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá á mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ náà ni Dona Bailey àti Ed Logg fi sí Centipede, kókó àyípo sì ni Theurer fi sí Tempest ní 1981, nítorí pé etí kòtò ni ẹni inú rẹ̀ ń rìn yí ká.

Fóònù kò ní bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìró lè gbé ìwọ̀n wá. Ìró kúkúrú tó lọ sókè fúyẹ́. Èyí tó lọ sísàlẹ̀, tó sì falẹ̀ díẹ̀ kó tó kú, wúwo.

7. Ohun tí ẹ kò ní, ẹ fi ṣe ohùn yín.

Ní Defender, wọn kò gba ohùn kankan sílẹ̀, ibi tí wọn ì bá kó o pamọ́ sí kò sí. Ọpọlọ ẹ̀rọ kejì wà nínú àpótí náà fún ìró nìkan, ó ń fi ìṣirò ṣe ìró kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Ohun tó fi ń ya létí, tó ń gbóná, nìyẹn. Kò jọ ohùn ohunkóhun láyé.

Ní Q*bert, David Thiel ní ẹ̀rọ kékeré kan tó yẹ kó máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbìyànjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò já geere. Ló bá kúkú ń fún un ní ègé ohùn láìtò wọ́n, Q*bert wá ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nígbà tí nǹkan bá gbá a. Gbogbo wa mọ̀ pé inú ń bí i. Nígbà tó bá sì já bọ́ láti orí òkè náà, irin kan wà nínú àpótí ẹ̀rọ tó ń gbá pákó gbà! kan. Kì í ṣe sípíkà. Irin gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú pinball. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi wà lára àpótí náà nígbà tó gbá a, mo sì rò pé nǹkan ti já nínú rẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí irin náà níbi tí wọ́n dè é mọ́, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan ti ronú pé kí ìṣubú ohun kékeré tí a yà sójú gíláàsì máa kan pákó tí ọwọ́ wa wà lára rẹ̀.

Fóònù yín ń gbọ̀n. Ẹ lò ó fún ohun kan ṣoṣo nínú géèmù, kí ẹ má fi ṣòfò sí gbogbo bọ́tìnì.

8. Ẹ dán an wò nínú ariwo.

Nínú ilé géèmù nígbà náà, ẹ̀rọ ogún ló lè máa dún pọ̀ nínú yàrá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àyè ohùn tirẹ̀. Àwọn tó máa gbá tiyín, inú dánfó ni wọ́n wà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Sípíkà fóònù kò sì lè gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Bí ìkìlọ̀ ewu yín bá wà nísàlẹ̀ gan-an, ẹ gbé e sókè.

9. Ẹ ka àlàfo tó wà láàárín ìka àti ìró.

Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, pẹlẹbẹ irin méjì ló ń kan ara wọn lábẹ́ bọ́tìnì. Ọpọlọ ẹ̀rọ ń yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ohun púpọ̀ láàárín wọn. Nínú fóònù, àṣẹ ìka ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ètò kọjá, ìró náà ń dúró ní ìlà tirẹ̀, agbohùn etí aláìlókùn sì tún ń fi ìdádúró kún un.

Ẹ gbé fóònù kejì tó lè ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ya ìka yín bó ṣe ń tẹ géèmù. Ẹ ka iye àwòrán tó wà láàárín ìgbà tí ìka kan gíláàsì àti ìgbà tí nǹkan yí padà lójú rẹ̀. Bó bá tó 24, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ, ìka sì ti mọ̀ pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Fún ìró, ẹ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú dídún èékánná yín lórí gíláàsì, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ kó àwọn ìró sínú ìrántí fóònù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan kúrò. Ẹ má lo MP3 fún ìró kúkúrú, torí pé ó máa ń fi òfìfo díẹ̀ síwájú. WAV ni kí ẹ lò. Ọmọkùnrin tí mo sọ lókè, èyí tó fò bí ẹni tí a jí lójú oorun, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ló kù kó jí.

10. Ẹ tọ́jú ohùn yín pẹ̀lú ohun tó ṣe é.

Ní 1997, ará Ítálì kan, Nicola Salmoria, bẹ̀rẹ̀ MAME, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n da ètò inú àwọn ẹ̀rọ náà kọ, àwòrán jáde, ọ̀pá àti bọ́tìnì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìró Space Invaders kò sí nínú ètò rẹ̀ rárá. Àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n jó mọ́ pátákó iná mànàmáná ló ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n tó lè gbọ́ wọn nínú MAME nígbà náà, ẹnì kan ní láti lọ gba ohùn sílẹ̀ lára ẹ̀rọ gidi. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti jù sórí ààtàn, tí ẹnikẹ́ni kò gba ohùn wọn sílẹ̀, mo mọ ohun tó bá wọn lọ, nítorí mo wà níbi tí wọ́n ti ń kó díẹ̀ nínú wọn sẹ́yìn ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ má tọ́jú fáìlì ìró tó parí nìkan. Ẹ kọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ṣe é, ohun tí ẹ gbá, ohun tí ẹ fi gbà á, iye tí ẹ fi gbé e sókè tàbí sódò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi méjì.

Bí ẹ̀yin kan bá dé Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀rọ tó ṣì ń mí ń bẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Strong ní Rochester, àti ní Funspot ní Laconia, New Hampshire. Ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti ń gbá Space Invaders. Ẹ má wò ó. Ẹ kẹ̀yìn sí i, kí ẹ fetí sí ìró mẹ́rin yẹn bó ṣe ń yára, kí ẹ sì sọ iye àjèjì tó kù lókè kí ẹ tó yíjú padà.